Àwòrán òkè àti pápá tí mo ń kùn ní Àbújá ti jọra jù: ẹ bá mi wò ó

Àdùkẹ́_Kubwa

Ẹ kú òwúrọ̀ o, ẹ̀yin ará ilé. Iṣẹ́ ìṣirò owó ni mo ń ṣe, n kò kọ́ iṣẹ́ ọnà nílé ẹ̀kọ́ kankan, àmọ́ ó ti tó ọdún mélòó kan tí mo ti ń fi òpin ọ̀sẹ̀ kùn àwòrán òkè, àpáta àti pápá agbègbè wa níbí. Níjọ́sí ni mo kó gbogbo wọn jáde, mo tò wọ́n ti ògiri pálọ̀, láti orí èyí tó pẹ́ jù dé orí èyí tí ọ̀dà rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ gbẹ, mo sì jókòó tì wọ́n.

Ohun tó dùn mọ́ mi nínú ni pé ọwọ́ mi ti dára sí i. Àpáta Zuma tí mo kọ́kọ́ kùn kò ní ojú kò ní imú, dúdú ṣáá ni. Nínú èyí tí mo kùn kẹ́yìn, àwọn ìlà tí omi òjò ti fà sí ojú àpáta náà láti òkè délẹ̀ hàn kedere, èèyàn á sì mọ ìhà tí oòrùn wà. Mo ti mọ igi yà báyìí. Mo mọ bí ewé igi èmì ṣe ń ṣùjọ sí orí ẹ̀ka, tó fi yàtọ̀ sí ti máńgòrò.

Ohun tí kò tẹ́ mi lọ́rùn ni pé tí mo bá dúró lẹ́nu ọ̀nà tí mo wò wọ́n lápapọ̀, ọ̀kan náà ni gbogbo wọn. Òkè búlúù lọ́ọ̀ọ́kán, pápá aláwọ̀ ewé láàárín, igi dúdú kan lápá òsì. Èyí tí mo kùn nínú ọyẹ́ àti èyí tí mo kùn nígbà òjò, ẹ ò lè yà wọ́n sọ́tọ̀. Bẹ́ẹ̀ ẹnikẹ́ni tó ń gbé Àbújá mọ̀ pé oṣù kìn-ín-ní àti oṣù kẹjọ kì í ṣe ẹgbẹ́ ara wọn níbí rárá.

Ọ̀kan ṣoṣo ló yàtọ̀. Orí páálí ni mo kùn ún sí, ní Ushafa, nígbà tí òjò ń ṣú bọ̀ láti ìhà ìsédò Usuma. Mo kánjú parí rẹ̀ kí òjò tó dé. Igi inú rẹ̀ kò pé, etí omi kò gún, síbẹ̀ òun ni àlejò tó bá wọlé wa máa ń kọ́kọ́ lọ bá. Mi ò mọ ohun tó wà nínú rẹ̀ tí kò sí nínú àwọn yòókù.

Akrílíìkì, ọ̀dà olómi tó ń tètè gbẹ, ni mo ń lò, fọ́tò orí fóònù ni mo sì máa ń wò kùn lọ́pọ̀ ìgbà. Ṣé kí n fi fọ́tò sílẹ̀ ni? Ṣé kí n bọ́ sórí ọ̀dà elépo? Àwọn ti àtijọ́ yìí ńkọ́, ṣé kí n kùn wọ́n bò kí n lè tún kánfáàsì wọn lò? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ ojú abẹ níkòó.

ỌmọỌ̀ffà_Kàdúná

Búlúù yẹn ni wàhálà yín, ẹ̀gbọ́n. Ẹ kó o dànù. Fídíò àwọn òyìnbó ló ń kọ́ wa pé ohun tó bá ti jìnnà gbọ́dọ̀ jẹ́ búlúù. Ẹ gba ọ̀nà Àbújá sí Kàdúná lóṣù kìn-ín-ní kẹ́ ẹ wò ó, níbo lẹ ti máa rí búlúù? Eruku ni gbogbo rẹ̀. Yellow ochre (ọ̀dà yẹ́lò bí amọ̀), burnt sienna (ọ̀dà pupa bí ilẹ̀) àti funfun, ó parí.

Tísà_Àwòrán_Zaria

Ẹ kú iṣẹ́ o, Àdùkẹ́. Òótọ́ wà nínú ọ̀rọ̀ àbúrò mi ará Kàdúná, ṣùgbọ́n kò tíì pé.

Búlúù ọ̀ọ́kán kì í ṣe irọ́ òyìnbó. Nígbà tí òjò bá ti fọ afẹ́fẹ́ mọ́, èérún afẹ́fẹ́ tó kù kéré débi pé ìmọ́lẹ̀ búlúù ni wọ́n ń tú ká jù, wọn kì í tú pupa ká tó bẹ́ẹ̀. Ìmọ́lẹ̀ tí wọ́n tú ká yìí ló ń bọ́ sáàárín ojú wa àti òkè tó jìnnà, òun ló sì ń sọ òkè dúdú di búlúù lójú wa. Ayàwòrán Leonardo da Vinci ti kọ nípa rẹ̀ ní Ítálì láti ohun tó lé ní ọdún 500 sẹ́yìn. Tí òjò bá dá lóṣù kẹsàn-án, ẹ dúró sí Kubwa kẹ́ ẹ kọjú sí àwọn òkè ìhà Bwari, búlúù náà wà níbẹ̀.

Inú ọyẹ́ ni ọ̀rọ̀ ti yí padà. Eruku tí atẹ́gùn ń gbé wá láti aginjù Sàhárà, tí púpọ̀ nínú rẹ̀ ti ilẹ̀ Bodélé ní orílẹ̀-èdè Chad wá, èérún rẹ̀ tóbi ju ti afẹ́fẹ́ lásán lọ fíìfíì. Kì í ṣa àwọ̀ kan yàn, gbogbo àwọ̀ ìmọ́lẹ̀ ló ń tú ká. Ojú ọ̀run á wá rí bí omi ògì, òkè á sì wọ inú rẹ̀. Láti ìparí oṣù kọkànlá títí dé nǹkan bí àárín oṣù kẹta lẹ máa ń rí èyí.

Ohun tí ọ̀pọ̀ èèyàn kì í kíyè sí ni pé ọyẹ́ kì í mú búlúù nìkan kúrò, ó tún ń mú dúdú kúrò. Ibi tó ṣókùnkùn jù lára òkè ọ̀ọ́kán lásìkò ọyẹ́, díẹ̀ báyìí ló fi ṣókùnkùn ju ojú ọ̀run ẹ̀yìn rẹ̀ lọ. Tí ẹ bá yí àwọ̀ padà tẹ́ ẹ fi òkè náà sílẹ̀ ní dúdú tó wà tẹ́lẹ̀, kò ní jọ ọyẹ́ láéláé.

Bí èmi ṣe ń pò ó nìyí: funfun púpọ̀, yellow ochre díẹ̀, burnt sienna tí kò tó nǹkan, lẹ́yìn náà mo máa fi ṣóńṣó ẹnu búrọ́ọ̀ṣì mú ultramarine, ìyẹn ọ̀dà búlúù, láti fi pa iná rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni, búlúù ṣì wà níbẹ̀. Tí ẹ bá yọ ọ́ kúrò pátápátá bí àbúrò mi ṣe wí, ọyẹ́ yín á di àwọ̀ ọsàn.

Ẹ bá mi ṣe nǹkan kan. Ẹ fi fóònù ya gbogbo àwòrán yẹn bí ẹ ṣe tò wọ́n, kẹ́ ẹ wá yọ àwọ̀ kúrò nínú fọ́tò náà kó di dúdú àti funfun. Ẹ sọ ohun tẹ́ ẹ rí fún wa.

ÌyáÌbejì_Gwarinpa

Èmi kì í ṣe ayàwòrán o, mo kàn fẹ́ràn láti máa ra àwòrán sílé ni. Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí ojú oníbàárà rí. Àwòrán yín tí ẹ fi hàn wá lóṣù tó kọjá, kò sí èèyàn níbẹ̀, kò sí ilé, kò sí ọ̀nà. Ṣé ilẹ̀ wa níbí ṣófo tó bẹ́ẹ̀? Àwọn obìnrin Gbagyi tó ń gba ìdí òkè wọ̀nyẹn kọjá, èjìká ni wọ́n ń gbé ẹrù lé, wọn kì í rù ú sórí bíi tiwa. Ẹ wo bí ara wọn ṣe máa ń rọ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kan díẹ̀ lábẹ́ igi ìdáná. Tí irú rẹ̀ bá wà nínú àwòrán, kódà kó má ju ìka ọmọdé lọ, mo mọ̀ pé Àbújá ni mò ń wò.

Láyọ̀_Lókója

Mo bọ̀wọ̀ fún ọ̀rọ̀ màmá, àmọ́ mi ò gbà pé èèyàn pọn dandan. Ìgbà mìíràn, ẹ bá kan èèyàn kékeré sójú ọ̀nà, gbogbo ojú á lọ sọ́dọ̀ rẹ̀, òkè tẹ́ ẹ fi gbogbo ọ̀sẹ̀ kùn á di nǹkan ẹ̀yìn. Àmì ọwọ́ èèyàn ti tó: ebè iṣu, ojú ọ̀nà ẹsẹ̀, pápá tí iná ẹ̀ẹ̀rùn ti jó dúdú tí koríko tútù ti ń yọ lábẹ́ rẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n Kàdúná, ẹ má jẹ́ ká sọ búlúù di ohun àlejò. Yusuf Grillo, tí wọ́n bí ní Èkó ní 1934, tó sì wà lára ẹgbẹ́ àwọn ọ̀dọ́ oníṣẹ́ ọnà tí wọ́n dá sílẹ̀ ní Zaria ní 1958, ta ni kò mọ̀ ọ́n mọ búlúù? Àwọn ọmọ aláró ni wá. Ohun tó yẹ ká bi ara wa ni bóyá búlúù wà níbi tá à ń wò lọ́jọ́ tá à ń wò ó.

ỌmọỌ̀ffà_Kàdúná

@Láyọ̀, èèyàn ni Grillo sábà máa ń kùn, kì í ṣe òkè. Àwọ̀ ọkàn ni búlúù tiẹ̀, kì í ṣe àwọ̀ ojú ọjọ́. Ọ̀rọ̀ ojú ọjọ́ là ń sọ níbí.

Dípò_Minna

Àtúnṣe díẹ̀, ẹ má bínú: Zuma kò sí lábẹ́ Àbújá. Ìpínlẹ̀ Niger wa ló wà, lẹ́bàá Madalla, lójú ọ̀nà tó ń lọ sí Kàdúná. Òun ló wà lẹ́yìn náírà 100 tó jáde ní 1999, ìyẹn ló jẹ́ kí gbogbo ènìyàn máa pè é ní ti Àbújá.

Àdùkẹ́, tẹ́ ẹ bá fẹ́ ibi tí kò ní jẹ́ kẹ́ ẹ tún ara yín kùn, ẹ wá sí ibi tí omi Gúrárà ti ń já, lọ́nà Suleja sí Minna. Ní àárín ìgbà òjò, omi yẹn á bo gbogbo ojú àpáta láti ìkángun dé ìkángun, á pọ́n, ìkùukùu omi á máa fọ́n sí èèyàn lójú. Ẹ padà wá ní oṣù kejì, ó ti pín sí okùn tín-ín-rín tín-ín-rín, àpáta dúdú ló gba iwájú, àwọn ọmọdé ń wẹ̀ nísàlẹ̀. Kò sí bí ọwọ́ ṣe lè kùn ọ̀kan bí èkejì.

Fúnmi_Lugbe

Kẹ́ ẹ tó gbọ̀nà Gúrárà o, Àdùkẹ́, ẹ má dá lọ. Ẹ kó ara yín jọ, ẹ lọ láàárọ̀, ẹ padà lọ́sàn-án. Abúlé tẹ́ ẹ bá dé, ẹ kọ́kọ́ béèrè ilé máì úngúwà, ìyẹn olórí àdúgbò, ẹ kí i, ẹ ṣàlàyé ohun tẹ́ ẹ wá ṣe. Tí òun bá ti mọ̀ yín, kò sẹ́ni tó máa yọ yín lẹ́nu, kódà wọ́n á gbé àga wá. Nínú ìlú, ẹ má gbé kánfáàsì kalẹ̀ níwájú Aso Rock ní ìhà ilé ìjọba. Àwọn ẹ̀ṣọ́ á bi yín ní ìbéèrè tí kò ní tán bọ̀rọ̀. Ẹ wò ó láti ọ̀nà jíjìn, ó kúkú ga tó kí ẹ rí i.

Ní ti ìbéèrè yín lórí fọ́tò, nítorí ọ̀nà tó rí báyìí ni mi ò ṣe lè ní kẹ́ ẹ fi í sílẹ̀. Kì í ṣe gbogbo wa ló lè jókòó sínú igbó. Àmọ́ fóònù ní ìwà kan: tó bá rí òjìji, á tànmọ́lẹ̀ sí i, tó bá rí ojú ọ̀run eléruku, á wẹ̀ ẹ́ mọ́, á fi búlúù kún un. Èyí tó wà lójú yín kọ́ ló ń fún yín. Nítorí náà, lẹ́yìn tẹ́ ẹ bá ya fọ́tò, ẹ mú pẹ́ńsù kẹ́ ẹ kọ ọ̀rọ̀ mẹ́ta mẹ́rin sílẹ̀ lójú ẹsẹ̀: kí ló mọ́lẹ̀ jù, kí ló ṣókùnkùn jù, àwọ̀ wo ni ilẹ̀ jẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọ̀ ọ̀run. Tẹ́ ẹ bá délé, ọ̀rọ̀ yẹn ni kẹ́ ẹ gbà gbọ́ ju fọ́tò lọ.

Ní ti akrílíìkì: tó bá gbẹ, ó máa ń ṣókùnkùn díẹ̀ sí i. Ojú ọ̀run ọyẹ́ tẹ́ ẹ rò pé ẹ ti pò dáadáa lórí páléètì á di àwọ̀ eérú tó bá gbẹ. Ẹ fi sí ara páálí, ẹ jẹ́ kó gbẹ, kẹ́ ẹ tó fi kan kánfáàsì. Nínú ọyẹ́ kì í pẹ́ gbẹ náà. Fóòmù tí ẹ rẹ sómi nínú ike oúnjẹ olómorí, ẹ tẹ́ pépà tí kì í tètè ya lé e, ibẹ̀ ni kẹ́ ẹ máa po ọ̀dà sí. Ẹ dé e, ó di ọjọ́ kejì.

Alágbà_Jos

Ẹ kú ìjíròrò, ẹ̀yin ọmọ mi. Mo ti ń gbé Jos kí ìjọba àpapọ̀ tó kó dé Àbújá ní 1991, pápá àti òkè ni mo sì ti ń kùn láti ìgbà náà.

Tísà, àlàyé yín dára, àmọ́ ẹ fi oṣù dè é mọ́lẹ̀ jù. Orí òkè la wà níbí, ó lé ní mítà 1,200. A máa ń rí àárọ̀ nínú oṣù kejìlá tí afẹ́fẹ́ mọ́ gaara, tí òkè Shere hàn bíi pé kí n fọwọ́ kàn án, tó bá fi máa di ọ̀sán, eruku ti gbé e mì. Èyí tó bá ń fi kàlẹ́ńdà po ọ̀dà á kùn ọyẹ́ sí ọjọ́ tí kò sí ọyẹ́. Ọjọ́ ni kẹ́ ẹ wò.

Ohun èlò kan wà tí kò ná yín ní kọ́bọ̀. Ẹ gé páálí funfun kékeré, ẹ dá ihò sí i láàárín, ihò tí kò ju ọmọ àgbàdo lọ. Ẹ nà án sí ọ̀ọ́kán, ẹ fi ojú kan wo òkè láti inú ihò náà. Ọpọlọ wa mọ̀ pé igi jẹ́ àwọ̀ ewé, ó mọ̀ pé ọ̀run mọ́lẹ̀, ohun tó mọ̀ yẹn ló sì ń sọ fún ọwọ́. Tí ihò bá ti gé àwọ̀ náà kúrò lára igi tó ni ín, ẹ máa rí i pé igi máńgòrò tẹ́ ẹ pè ní àwọ̀ ewé fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ àwọ̀ elésè àlùkò lọ́wọ́ ìrọ̀lẹ́, ẹ máa sì rí i pé ọ̀run tẹ́ ẹ pè ní funfun ṣókùnkùn ju páálí ọwọ́ yín lọ dáadáa. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tí mò ń gbé, àwọn adágún wà tí ìwakùsà tánńganran fi sílẹ̀. Ọjọ́ tí mo fi páálí yìí wò wọ́n ni mo tó mọ̀ pé omi ibẹ̀ àti ilẹ̀ pupa etí rẹ̀ mọ́lẹ̀ bákan náà, àwọ̀ nìkan ló yà wọ́n.

Ẹ má ṣe kùn èyíkéyìí bò. Ẹ kọ déètì, wákàtí, ibi tẹ́ ẹ wà àti bí ojú ọjọ́ ṣe rí sí ẹ̀yìn gbogbo wọn. Ayàwòrán Paul Cézanne ní ilẹ̀ Faransé kùn òkè Sainte-Victoire ní ìgbà àìmọye títí tó fi kú ní 1906. Tó bá ti ń kùn ti àná bò ni, kí ló máa fi mọ ibi tó dé?

Dípò_Minna

Bàbá, ẹ ṣeun, ṣùgbọ́n kánfáàsì ti wọ́n báyìí. Èmi máa ń ya fọ́tò èyí tí kò dára, mo máa fi yanrìnpépà họ ọ́, mo máa fi ọ̀dà funfun nù ún, mo sì máa tún un lò. Akrílíìkì ò ní ìṣòro nínú èyí.

Fúnmi_Lugbe

Tó bá jẹ́ ọ̀dà akrílíìkì gan-an lẹ fi nù ún, kò burú. Àmọ́ ọ̀pọ̀ wa ni kì í rówó ra ìyẹn, ọ̀dà ilé tí wọ́n fi ń kun ògiri là ń lò. Tẹ́ ẹ bá bomi là á jù, á máa ṣí kúrò lábẹ́ àwòrán.

Àdùkẹ́_Kubwa

Ẹ ṣeun púpọ̀ o, gbogbo yín. Alágbà, mo dọ̀bálẹ̀ kí yín, mo kúnlẹ̀ pẹ̀lú. Dípò, mo gbọ́ ti Zuma, Niger ló ni ín.

Tísà, mo ti ṣe ohun tẹ́ ẹ ní kí n ṣe. Mo yọ àwọ̀ kúrò nínú fọ́tò gbogbo wọn. Ẹ̀rù fẹ́rẹ̀ẹ́ bà mí. Gbogbo wọn pátá: ọ̀run mọ́lẹ̀ lókè, òkè ṣókùnkùn díẹ̀, ilẹ̀ ṣókùnkùn jù nísàlẹ̀. Kódà àwọn tí àwọ̀ wọn yàtọ̀, tí àwọ̀ bá ti kúrò, wọ́n di ọ̀kan. Ti Ushafa nìkan ló dojú kodò. Ọ̀run ibẹ̀ ló ṣókùnkùn, ilẹ̀ pupa etí omi àti koríko iwájú ló mọ́lẹ̀, wọ́n fẹ́rẹ̀ẹ́ funfun.

Tísà_Àwòrán_Zaria

Ìdáhùn yín nìyẹn. Nígbà tí òjò ń ṣú bọ̀ láti iwájú yín, oòrùn ṣì wà lẹ́yìn yín, ó ń tàn sórí ilẹ̀ náà tààrà. Ilẹ̀ wá mọ́lẹ̀ ju ọ̀run lọ. Ẹ kùn ún bó ṣe rí nítorí pé kò sí àyè láti ronú bó ṣe yẹ kó rí. Ní ojoojúmọ́ ọ̀run ló sábà máa ń mọ́lẹ̀ jù, òótọ́ ni, ṣùgbọ́n ìwọ̀n rẹ̀ kì í dọ́gba. Ọ̀sán gangan lóṣù kẹta, pápá gbígbẹ àti ojú ọ̀nà oníyanrìn lè sún mọ́ ọ̀run pẹ́kípẹ́kí. Nínú ọyẹ́, ọ̀run, òkè àti pápá ọ̀ọ́kán á di ọ̀kan, ohun dúdú tó kù á wà nítòsí ẹsẹ̀ yín. Ní ìrọ̀lẹ́ ìgbà òjò, ìsàlẹ̀ dúdú pátápátá, ìlà ìmọ́lẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́ kan ló kù lókè.

Nítorí náà kẹ́ ẹ tó fọwọ́ kan àwọ̀ rárá, ẹ fi pẹ́ńsù ya onígun mẹ́rin kékeré sínú ìwé, ẹ pín in sí dúdú, àárín àti funfun. Ìṣẹ́jú díẹ̀ ni. Tó bá jọ ti ọ̀sẹ̀ tó kọjá, ẹ yí ìjókòó yín padà, tàbí kẹ́ ẹ dúró de wákàtí mìíràn.

Ẹ má wulẹ̀ bọ́ sórí ọ̀dà elépo nítorí èyí. Ìṣòro kan náà lẹ máa gbé lọ síbẹ̀, á kàn pẹ́ gbẹ ni.

ỌmọỌ̀ffà_Kàdúná

Mo gba ti dúdú àti funfun, Tísà, ó yé mi. Àmọ́ mo ṣì dúró lórí èyí: ẹni tó bá ti mọ́ lára láti fi búlúù kun ọ̀ọ́kán, kó gbé e jìnnà sí ara rẹ̀ fún ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn kan lódidi. Èmi ṣe é, ó sì ràn mí lọ́wọ́. Ìgbà tí mo padà sí i, ibi tó yẹ ni mo ń fi sí.

ÌyáÌbejì_Gwarinpa

Àdùkẹ́, ti Ushafa yẹn, tẹ́ ẹ bá fẹ́ tà á, èmi ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ pè o. N kò ní béèrè èèyàn nínú rẹ̀.

Àdùkẹ́_Kubwa

Ẹ ṣé, màmá, ìyẹn kò ní kúrò nílé. Ẹ jẹ́ kí n béèrè kan sí i: orí páálí ló wà, ọyẹ́ ń bọ̀, eruku á sì wọlé. Ṣé kí n fi fánííṣì sí i?

Fúnmi_Lugbe

Ẹ fi sí i kí ọyẹ́ tó dé. Tẹ́ ẹ bá fi sí i nínú ọyẹ́, eruku á lẹ̀ mọ́ fánííṣì tútù, kò sì ní ṣeé yọ mọ́. Ẹ kọ́kọ́ fi búrọ́ọ̀ṣì rírọ̀ tó gbẹ gbọn ojú rẹ̀, ẹ ti fèrèsé, ẹ fi fánííṣì akrílíìkì fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kun ún lẹ́ẹ̀kan, ẹ jẹ́ kó gbẹ, kẹ́ ẹ tó fi ìkejì lé e. Ẹ kun ẹ̀yìn páálí náà pẹ̀lú. Tó bá jẹ́ iwájú nìkan lẹ kun, á ká.